Ìwé Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Kú Nínú Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní fámásì kan ní Àjàṣẹ́ níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Èmi kọ́ ni mo ni ín, n kò sì kọ́ ìmọ̀ oògùn ní yunifásítì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo kà títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí BEPC. Iṣẹ́ mi ni kí n gba ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹni tó wọlé, kí n kà á dáadáa, kí n mú páálí oògùn wá láti orí pẹpẹ, kí n sì sọ iye ìgbà tí yóò lò ó lójúmọ́ fún un. Inú páálí kọ̀ọ̀kan ni ìwé pélébé kan máa ń wà, tí wọ́n ṣẹ́ léra bí aṣọ inú àpótí. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tí oògùn náà wà fún sí, àti ẹni tí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, àti ohun tó lè ṣe fún ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń jù ú nù. Èmi máa ń kà á, kódà ti oògùn tí mo ti tà fún ọdún márùn-ún.

Ìwé ìtàn kò ní irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ nínú, ohun tó sì máa ń dẹ́rù bà mí nípa wọn nìyẹn. Àwòrán wà lára èèpo iwájú, ọ̀rọ̀ ìyìn wà lára èèpo ẹ̀yìn, o gbé e fún ọmọ rẹ, ọmọ á sì lọ pàdé ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ ní ojú ewé àádọ́rin.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ mi ń wà, ó ń kó ẹrù láti ẹnubodè ní Kraké wá sí Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu. Ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ náà sì dojú dé kí oòrùn tó mú. Fámásì ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí lórí fóònù. Obìnrin kan wà níwájú mi tó wá ra oògùn ikọ́ fún ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan lálẹ́, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì kí ó má baà ṣì í lò, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, mo mú ọmọ lọ sí Avrankou lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rin ìrìn àjò lọ sí Àbíjàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Nígbà tó fi padà sílé wa ní àdúgbò Dowa, a ti sin bàbá rẹ̀, mo ti kó aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, mo sì ti gbé ibùsùn láti ògiri kan sí òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àbúrò, sọ fún ọmọ yìí." Mo ní mo máa sọ fún un. Kí n tó rí ọ̀nà tí mo máa gbé e gbà, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ti sọ ọ́ fún un ní àgbàlá ilé ìwé. Ó délé, ó fọ ọwọ́, ó jẹun, kò sì sọ nǹkan kan. Èmi náà kò sọ nǹkan kan. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó sílé wa nìyẹn, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Láti ìgbà yẹn ló ti di òǹkàwé. Ìwé ló fi ń jẹun, ìwé ló fi ń dúró de omi tó ń hó. Lọ́jọ́ kan mo bá a lẹ́yìn ilé tó ń sunkún débi pé èémí rẹ̀ ń já. Mo gba ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló kú nínú rẹ̀. Mo wò ó pé bí ewúrẹ́ inú ìwé bá lè ṣe báyìí sí i, ọjọ́ tó bá pàdé òkú èèyàn níbẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ yẹn ni mo ṣe òfin. Ìwé tó ń gbé ọkàn sókè nìkan ni yóò máa wọ ilé mi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kú nínú rẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ. N kò yára kàwé. Ìwé tí ọmọ mi ń kà tán ní ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò gbà lọ́wọ́ mi, nítorí pé n kì í fo ọ̀rọ̀ Faransé tí n kò bá mọ̀. Mo máa ń wá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Torí náà mo tọ ẹ̀gbọ́n mi lọ. Òun ni yóò máa yan ìwé, lára èyí tó ní nílé àti lára èyí tí àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ń tà. Yóò kà á tán, yóò sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ inú èèpo rẹ̀, bíi ti inú páálí oògùn. Mo kọ ìbéèrè méjì tí yóò máa dáhùn síbẹ̀ fún un: Ṣé ó ń gbé ọkàn sókè? Ṣé ẹnì kan kú níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ìwọ yìí, o ò bá kúkú fi iye ṣíbí síbẹ̀."

"Ẹ ṣáà bá mi kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìwé méjì àkọ́kọ́, ó dáhùn ìbéèrè méjèèjì, ó sì fọwọ́ sí i. Láti orí ìkẹta, ìlà kan ṣoṣo ló ń kọ: *Mo ti kà á tán. Ó ń gbé ọkàn sókè.* Mo rí i pé ìbéèrè kejì ti sọnù. Ká ní fámásì ni, tí dókítà kan kọ orúkọ oògùn tí kò kọ iye tí wọn yóò lò, mo máa dá ìwé náà padà ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọwọ́ tó kọ́ mi ní A, B, D kí n tó dé ilé ìwé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Èmi náà máa ń ka ojú ewé àkọ́kọ́ àti ojú ewé tó kẹ́yìn. Mo sì fi nǹkan kẹta kún un: ọmọ kò gbọdọ̀ gba ìwé tuntun àfi bó bá sọ èyí tó kà tán fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní èdè Nàgó ilé wa. Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa ń ṣe é, nígbà tí mo bá ń di irun rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, ó jókòó sórí ẹní láàárín ẹsẹ̀ mi, orí rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ kọ sí ọ̀nà. Ìtàn kan máa ń tó irun kan.

Kí n má purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ọjọ́ Àbámẹ́ta ju ọjọ́ Ìsinmi lọ. Ọmọ náà mọ ìtàn sọ. Aláìsàn á dìde, ẹni tó sọnù á padà wálé, ilé tó jó á di èyí tí wọ́n tún kọ́. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo wọn lọ, ìwé tín-ín-rín kan tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi pupa lára. Apẹja kan wọ ọ̀sà, ìkùukùu bo gbogbo omi, kò sì rí ọ̀nà padà. Ọmọbìnrin rẹ̀ mú abọ́ irin, ó dúró sí èbúté, ó ń lù ú láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi ní bàbá náà gbọ́ ìró abọ́, ó tẹ̀ lé e, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí imú ọkọ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ojú ewé tó kẹ́yìn, èyí tí èmi fúnra mi ti kà, ọmọbìnrin náà ń wa ọkọ̀ pupa yẹn lọ sí ilé ìwé, ó ń kọrin, oòrùn wà lórí omi. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Omi bọ́ lójú mi sórí irun tí mò ń dì, inú mi sì dùn pé mo rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un.

Mo sọ ìtàn náà ní fámásì. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi ní Avrankou. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá ìjọ wa, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ṣe gbọ́ pé mo ní ọ̀nà tí mo ń gbà yan ìwé fún ọmọ. Kí ilé ìwé tó gba ìsinmi gígùn, wọ́n ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo lọ. Mo mú ìwé mẹ́ta dání àti kàyé tí mo ń kọ gbogbo wọn sí. Mo ṣàlàyé ìwé pélébé, ojú ewé àkọ́kọ́, ojú ewé tó kẹ́yìn, àti ìtàn sísọ.

Ìyá àgbà kan tó máa ń jókòó níwájú ní, "Ìyá fámásì, ṣé kí ọmọ jẹun kó tó lo ìwé yìí ni, àbí lẹ́yìn tó bá lò ó?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Lẹ́yìn oúnjẹ ni, Màmá, kó má baà ru ú nínú." Lẹ́yìn náà mo sọ ìtàn ọkọ̀ pupa náà fún wọn. Nígbà tí imú ọkọ̀ kan ilẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n wà lẹ́yìn, ọmọdé ni sí wa, ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un wá. Ó na ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. A ka ìwé yẹn nílé ìwé. Bàbá yẹn ò padà dé."

Mo ní, "Ó padà dé. Ìró abọ́ ló tẹ̀ lé."

"Ọkọ̀ ló padà dé, Màmá. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀."

"Ìwé mìíràn lo ń rò."

Ìyá àgbà náà na ìka sí mi. "Kí lẹ ń jà sí? Ṣebí ìwé náà nìyẹn lórí itan rẹ. Ṣí i."

Mo ṣí i. N kò jìnnà kí n tó rí i. Ìkùukùu tú ká, ọkọ̀ pupa dé èbúté fúnra rẹ̀, àwọ̀n wà nínú rẹ̀ tó ti gbẹ, ọmọbìnrin náà sì wọ inú rẹ̀ lọ dùbúlẹ̀ sí ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń jókòó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo wọn, bí mo ṣe máa ń ka ìwé dókítà tí kò bá yé mi.

Ìyá àgbà náà ló gbà mí sílẹ̀. "Ẹ wò ó, ọmọ rẹ̀ mọ ìtàn sọ ju ẹni tó kọ ìwé lọ! Ẹ jẹ́ ká kọrin." Wọ́n kọrin. Mo bá wọn kọ ọ́. Etí mi gbóná títí orin fi tán.

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé; zẹ́mì méjì, àwọn ọlọ́kadà wa, dúró fún mi, n kò dá wọn lóhùn. Ọmọ mi wà níbi ìdánrawò orin. Mo kó gbogbo ìwé tó ti kà kalẹ̀ sórí ẹní, mẹ́rìnlá ni wọ́n, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. N kò nílò láti ka gbogbo ọ̀rọ̀. Ibi tó yẹ kí n wò, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣí síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ṣí i síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Etí ewé ti rọ̀. Àmì pẹ́ńsù kékeré kan, bí ojú eèrà, wà létí rẹ̀. Èèyàn kú nínú mẹ́sàn-án lára mẹ́rìnlá náà. Nínú mẹ́fà, bàbá ni. Mo kọ ọ́ sínú kàyé mi pẹ̀lú ojú ewé wọn. Nínú èèpo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà: *Mo ti kà á tán.*

Ọmọ wọlé, ó ń tú bàtà. Mo ní, "Bàbá tó wọ ọ̀sà, kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Ó padà dé," ló sọ, kò gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn ìwé lórí ẹní.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Màmá."

"Tántì rẹ tó ń yan ìwé ńkọ́?"

"Tántì kàn mọ̀ ni. Mo sọ fún wọn."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti orí ìwé kẹta."

Mo ní, "Láàárín ẹsẹ̀ mi lo jókòó sí, ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ò ń parọ́ fún mi."

Ó tú bàtà kejì. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó ti fẹ́ ga tó mi. Ó ní, "Ọwọ́ yín ni, Màmá. Tí mo bá ti fẹ́ dé ibi tí ẹnì kan ti ń ṣàìsàn, ọwọ́ yín á dúró lórí irun mi. Ẹ ó wá fà á. Ó máa ń dùn mí. Tí mo bá ní ara ẹni náà yá, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dì í."

"Nítorí irun lo ṣe parọ́?"

"Ẹ̀yin náà ní Bàbá mi wà ní Àbíjàn."

Ọwọ́ mi ti gòkè kí n tó mọ̀. N kò gbá a. Mo fi ọwọ́ náà kó ìwé, mo kó wọn sínú àpò, mo sì gbé àpò náà sábẹ́ ibùsùn mi bí ẹni tó ń kó oògùn olóró pamọ́. Kò sẹ́ni tó di irun lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bó ọsàn nínú àgbàlá. Ó wo ojú mi, ó sì fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Àwọn ìyá ìjọ ti sọ fún mi," ló wí. "Jókòó."

"N kò jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ sí i."

"Mo kọ ọ́ pé ó ń gbé ọkàn sókè. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ọmọ inú ìwé yẹn kò kọ́ láti wa ọkọ̀? Kò lọ sí ilé ìwé?"

"Ìbéèrè méjì ni mo bi yín."

"Mo dáhùn ọ̀kan."

"Tí mo bá dáhùn ọ̀kan nínú méjì níbi iṣẹ́ mi, èèyàn lè kú."

"Èèyàn ti kú, àbúrò," ló sọ, jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí ń wá ibi tí yóò ti sunkún bàbá rẹ̀. Nílé rẹ, kò síbẹ̀. Inú ìwé ló ti rí i."

"Ẹ bá sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ lọ́dún tí ọkọ rẹ kú. O ní wàá sọ fún un."

Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn kò mú ohun tó ṣe tọ́. Èmi lè ṣàṣìṣe lórí ọmọ mi, kí ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó tì mí kí ó bá mi jà lé e lórí; ohun tí mo mọ̀ sí ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Òun àti ọmọ mi ló jọ jókòó, wọ́n jọ mọ̀ pé mò ń tan ara mi jẹ, wọ́n sì ń fi ìwé kún un fún mi. Ó na ọsàn kan sí mi nígbà tí mò ń lọ. N kò gbà á. Láti ọjọ́ náà, mo ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń kúnlẹ̀ fún un bó ṣe yẹ, n kò tíì jẹun nílé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo mú ìwé ọkọ̀ pupa náà lọ síbi iṣẹ́. Ní ìsinmi ọ̀sán ni mò ń kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀, láti ojú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfìfo dé, ọmọ náà kò lu abọ́ mọ́. Ìkùukùu tún wá lọ́jọ́ mìíràn, apẹja mìíràn sì wà lórí omi. Ó dìde, ó mú abọ́ náà, ó lọ lù ú fún bàbá ẹlòmíràn, ọkùnrin yẹn sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti rí ìró abọ́ tó gbé fún mi. Ìwé náà ń gbé ọkàn sókè. Ó bí mi nínú gan-an pé ó ń gbé e sókè.

Nígbà tí ọjọ́ Àbámẹ́ta pé, ọmọ gbé ẹní àti ìyarí wá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì fẹ́ jókòó, kó kẹ́yìn sí mi. Mo ní, "Kọjú sí mi."

"Báwo lẹ ṣe máa di irun?"

"A ò di irun lónìí. Sọ ìtàn apẹja yẹn fún mi bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Ojú mi ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kọjá lára ọmọ kékeré. Nígbà tó dé ibi ọkọ̀ òfìfo, ó dúró. "Ṣé kí n máa lọ?" Mo ní kí ó máa lọ. Ó parí rẹ̀. Kò sunkún, ó ti sunkún rẹ̀ tán níbi tí n kò sí.

Ó wá kàn mí. Mo sọ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn fún un: ẹni tó pè, ohun tó sọ, ibi tí ọkọ̀ dojú dé sí, aṣọ tí a fi sin bàbá rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹnì kan wà níwájú mi tí mò ń ta oògùn fún.

"Oògùn kí ni, Màmá?"

"Oògùn ikọ́ ọmọdé."

"Ẹ tà á fún un tán?"

"Mo tà á fún un tán."

Ó mi orí, bí ẹni pé ohun tó ti ń wá tipẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè èéṣe tí mo fi ní Àbíjàn, tí n kò sọ ìlú mìíràn. Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀.

Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ó tán síbẹ̀. Mo kó àpò ìwé jáde lábẹ́ ibùsùn, mo tò wọ́n padà sí àyè wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ fún mi nísinsìnyí pé òun ti jẹun, mo máa ń ṣí ìkòkò wò. Bó bá ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ lòun ti ń bọ̀, mo máa ń wo bàtà rẹ̀. Ó ń rí mi bí mo ṣe ń wò ó. 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwa méjèèjì la jọ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, torí n kò lè rán ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ọkùnrin náà bi wá irú èyí tí a ń fẹ́. Mo la ẹnu láti sọ ohun tí mo máa ń sọ, mo sì pa á dé. Ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó ṣí èyí, ó ṣí tọ̀hún, ó mú ọ̀kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Kí n tó béèrè, ó ní, "Màmá, ẹnì kan kú nínú eléyìí. Ọ̀rẹ́ mi ti kà á. Ìyá ló kú."

Mo wò ó bí mo ṣe ń wo ìwé dókítà tí mo bá rí ìkọ̀wé ẹni méjì lára rẹ̀. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹ kà á."

A rà á. Èmi ni yóò kọ́kọ́ kà á, ó gbà bẹ́ẹ̀, kò tilẹ̀ jiyàn. Mò ń kà á ní ìsinmi ọ̀sán, lẹ́yìn àwọn páálí, n kò fo ọ̀rọ̀ kan. Mo ti dé ojú ewé ọgọ́ta. Ìyá náà ṣì wà láàyè.